Ẹni tó fi èrò jọba: ìtumọ̀ "ochlocrat" àti ibi tó ti ṣẹ̀ wá

Ìbéèrè, láti Yábàá: Mo gbọ́ lórí rédíò tí lọ́yà kan ń sọ pé ọ̀pọ̀ olóṣèlú wa kì í ṣe "democrat", pé "ochlocrat" ni wọ́n. Ẹni tá a jọ ń gbọ́ ọ ní jàǹdùkú ló ń pè wọ́n. Ṣé òótọ́ ni? Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, kí la sì lè máa pè é ní Yorùbá?

Ìdáhùn: Rárá o, kì í ṣe jàǹdùkú. Àṣìṣe yẹn wọ́pọ̀, kò sì kéré, torí òun ló ń jẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí gan-an yọ́ lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Jàǹdùkú lẹni tó mú igi lọ́wọ́, tó fọ́ gíláàsì ọkọ̀, tó já báàgì gbà. Ochlocrat lẹni tó fara mọ́ ọn pé kí èrò máa ṣe olórí ìlú: pé bí èrò bá ti pọ̀ tó, tí ariwo wọn sì ti bo ti ẹlòmíì mọ́lẹ̀, ẹjọ́ ti parí nìyẹn, kí adájọ́ ká ìwé rẹ̀ kó máa lọ sílé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má sọ òkò rí láyé rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ó lè jẹ́ alága ẹgbẹ́ òṣèlú. Ó sì lè jẹ́ àgbàlagbà tó dúró lẹ́yìn pátápátá ní Ìdúmọ̀tà, tó ń ké pé "Ẹ dáná sun ún!" nígbà tí wọ́n mú ọmọ kan tí òun ò tilẹ̀ rí ojú rẹ̀.

Èdè Gíríìkì ni orísun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀, okhlos àti kratos. Kratos ni agbára, àṣẹ, ìkáwọ́. Òun náà ló wà nídìí "democracy", tí à ń pè ní ìjọba tiwa-n-tiwa, òun ló sì wà nídìí "autocrat", ẹni tó dá àṣẹ ìlú dì mú. Apá yẹn kò le. Okhlos ni iṣẹ́ wà.

Ọ̀rọ̀ méjì wà lára èyí tí àwọn ará Áténì ń lò fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Dēmos ni àkọ́kọ́. Ìlú ni, àwọn ọmọ onílùú. Orúkọ yẹn náà sì ni wọ́n ń pe àdúgbò kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo wọn jẹ́ 139. Ọmọkùnrin tó bá pé ọdún 18 á lọ kọ orúkọ sílẹ̀ ní àdúgbò bàbá rẹ̀. Nítorí náà, bó bá dìde sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ìlú, wọ́n mọ ilé tó ti jáde, bó bá sì tan ìlú sọ́nà, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́. Okhlos kò ní àdúgbò. Èèyàn tó ṣù jọ sójú kan ni, láìka ibi tí oníkálukú ti wá sí. Àwọn Gíríìkì tún ń lo ọ̀rọ̀ yẹn fún ìyọnu àti wàhálà. Bí wọ́n bá ní ẹnìkan kó okhlos bá àwọn, ìdààmú ni wọ́n ń sọ.

Bí a bá wò ó dáadáa, Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Ìlú ni dēmos. Èrò ni okhlos. Èrò ọkọ̀, èrò ọjà, èrò ọ̀nà: gbogbo wọn lèèyàn tí ọ̀nà kó pọ̀. Ẹni mẹ́rìnlá tó wà nínú dáńfó láti Ọ̀jọ́ta lọ sí Ọbáléńdé, èrò ni wọ́n. Ibì kan náà ni wọ́n dorí kọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹbí, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́, wọn ò yan olórí, bí ọkọ̀ bá sì ti dúró, oníkálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ọkọ̀ yẹn lónìí, ta lẹ máa bi lọ́la? Ìlú kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú ní ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀: baálé nínú agboolé, ìyálọ́jà lọ́jà, olóyè ní ẹ̀ka tirẹ̀, ọba láàfin. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìlú wí, ẹnìkan wà tí ẹ lè bi, ẹni yẹn á sì dáhùn fún un bí ọ̀rọ̀ bá padà di wàhálà. Ìdáhùn fún ọ̀rọ̀ ẹni, òun gan-an ló ya ìlú sọ́tọ̀ kúrò lára èrò.

Èyí kò ní kí Yorùbá kórìíra ọ̀pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà; àwa la ni àáró àti ọ̀wẹ̀, àwa la ni èsúsú, gbogbo rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe. Àmọ́ àwa náà la ní "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ẹ kíyè sí i pé òwe yẹn kò sọ iye ẹni tó dá ẹjọ́. Ẹgbẹ̀rún èèyàn tó gbọ́ ẹnu ẹnìkan ṣoṣo tí wọ́n sì dá ẹjọ́, àgbà òṣìkà ẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Kódà ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, nígbà tí ìlú bá fẹ́ kọ Aláàfin, kì í ṣe èrò ọjà ló ń ya wọ ààfin. Ọ̀yọ́mèsì á jókòó, Baṣọ̀run ni yóò sì gbé ẹnu lé e pé òrìṣà kọ̀ ọ́, ìlú kọ̀ ọ́, ilẹ̀ kọ̀ ọ́. Ìdájọ́ tó le ni, ikú ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayé mọ ẹnu tó ti jáde.

Ẹni tí a kọ́kọ́ rí orúkọ ìjọba tí wọ́n fi okhlos ṣe nínú ìwé rẹ̀ ni Polybius, òpìtàn ará Megalopolis ní ilẹ̀ Gíríìkì. Ó wà lára àwọn èèyàn pàtàkì tó tó 1,000 tí Róòmù kó lọ bí ìdógò ní ọdún 167 ṣáájú ìbí Kristi, ó sì lo nǹkan bí ọdún 17 lọ́hùn-ún kí wọ́n tó jẹ́ kó padà sílé. Nínú apá kẹfà ìwé ìtàn rẹ̀ ló ti to ìjọba sí mẹ́fà, rere mẹ́ta, burúkú mẹ́ta, tí ọ̀kan ń bàjẹ́ di ìkejì. Ìjọba ọba rere a máa di ti òǹrorò. Ìjọba àwọn ọlọ́lá tó mọ̀wàá hù a máa di ti àwọn díẹ̀ tí ń jẹ ìlú run. Ìjọba tiwa-n-tiwa náà, ìyẹn ìjọba dēmos, bó bá bàjẹ́, òun ló pè ní okhlokratia, ìjọba èrò. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì tó ti kú kí wọ́n tó bí Polybius, kò lo ọ̀rọ̀ yẹn. Demokratia fúnra rẹ̀ ló fi pe èyí tó bàjẹ́, ó wá fún èyí tó dára ní orúkọ mìíràn. Polybius ló dá ìjọba tiwa-n-tiwa láre, tó sì wá orúkọ ọ̀tọ̀ fún àrùn rẹ̀.

Ọ̀nà tó sọ pé àrùn náà ń gbà wọlé ló yẹ ká farabalẹ̀ gbọ́, torí ẹni tó ti rí ìdìbò nílẹ̀ wa á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó ní àwọn tó jìyà lọ́wọ́ òǹrorò mọ iyì òmìnira, wọn kì í fi ṣeré. Wọ́n á kú, àwọn ọmọ wọn á kú, á wá kan ọmọ-ọmọ. Lójú àwọn yẹn, òmìnira ti di ohun tí wọ́n bá nílé. Àwọn olówó àárín wọn á wá fẹ́ ipò tí ìwà wọn kò lè gbà fún wọn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó àti oúnjẹ fa ará ìlú. (Ẹni tó bá gbọ́ "Dìbò kóo sebẹ̀" nígbà ìdìbò Èkìtì ọdún 2018 kò nílò kí wọ́n túmọ̀ èyí fún òun.) Bí ẹnu ará ìlú bá ti mọ́ àtijẹ lọ́wọ́ ẹlòmíì, wọn kò tún ní béèrè òfin mọ́, ẹni tó ń bọ́ wọn ni wọ́n á máa wò. Nígbà yẹn ni aláyà-gbangba kan á dìde, ẹni tí òṣì kò jẹ́ kó dé ipò, á kó wọn lẹ́yìn: wọ́n á pa, wọ́n á lé ẹlòmíì jáde nílùú, wọ́n á pín ilẹ̀ onílẹ̀. Níbí yìí ló tún ti lo ọ̀rọ̀ kejì, kheirokratia. Kheir ni ọwọ́: ìjọba ọwọ́, ohun tí àwa ń pè ní ìjọba ipá. Ìlú á wà bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi tún bọ́ sábẹ́ olúwa kan ṣoṣo.

Nínú àlàyé yìí, èrò kọ́ ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹni tó ń fún èrò lóúnjẹ ló ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má pe ochlocrat ní jàǹdùkú.

Ẹni tó ń ka Bíbélì ti bá okhlos pàdé láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà nínú Gíríìkì Mátíù 27:20, níbi tí àwọn olórí àlùfáà ti yí ọkàn èrò padà pé kí wọ́n béèrè Bárábà. Èyí tó tún ṣe kedere jù wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19, ní Éfésù. Àwọn oníṣẹ́ fàdákà bẹ̀rù pé ọjà àwọn fẹ́ kú, wọ́n rú ìlú sókè, èrò ya wọ gbọ̀ngàn, wọ́n sì fi wákàtí méjì gbáko pariwo. Ẹsẹ 32 ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò mọ ìdí tí wọ́n fi péjọ. Akọ̀wé ìlú ló pa okhlos yẹn lẹ́nu mọ́, ohun tó sì sọ fún wọn kò ju pé bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀sùn, ilé ẹjọ́ ṣí sílẹ̀, àwọn adájọ́ wà níbẹ̀, kí wọ́n lọ pe ara wọn lẹ́jọ́. Àti pé ìlú lè jìyà rògbòdìyàn tí kò ní ìdí. Gbogbo ohun tó ya dēmos àti okhlos sọ́tọ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ akọ̀wé yẹn.

Láti Gíríìkì, ọ̀rọ̀ náà gba èdè Faransé kọjá sí Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. "Ochlocracy" ni ìjọba náà. "Ochlocrat" ló tẹ̀lé e, lórí àpẹẹrẹ "democrat". "Mob" tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún irú èrò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Látìnì ni ìyẹn, "mobile vulgus", ìyẹn àwọn èèyàn lásán tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan, tí wọ́n gé kúrú ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀dá "mobocracy", tí ìtumọ̀ rẹ̀ bá ti "ochlocracy" dọ́gba. Abraham Lincoln lo irú ọ̀rọ̀ yẹn ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1838, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 28. Oṣù mélòó kan ṣáájú, èrò ti pa Elijah Lovejoy, oníwèé ìròyìn tó ń ta ko òwò ẹrú, ní Alton ní ìpínlẹ̀ kan náà. Ẹ̀rù tó ba Lincoln ni pé bí èrò bá ń pànìyàn láìjìyà, àwọn èèyàn rere tó fẹ́ràn òfin pàápàá á sọ̀rètí nù nínú ìjọba.

Ó kù sí Èkó. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ní lẹ́nu níbí, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè, kò sí èyí tó pe ẹni tó rán an. Tọ́ọ̀gì, "thug" Gẹ̀ẹ́sì ni a sọ di tiwa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì yá a láti Íńdíà, níbi tí "ṭhag" ti jẹ́ arẹ́nijẹ. Agbèrò kò ní àbùkù kankan lára rẹ̀: a-gbé-èrò, ẹni tó ń pe èrò sọ́kọ̀. Iṣẹ́ gáréèjì ló bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó tó di pé ọ̀rọ̀ kan fífi ipá gba owó lọ́wọ́ awakọ̀. Ọmọ onílẹ̀ náà, ọmọlúwàbí ni orúkọ yẹn, ọmọ ẹni tó ni ilẹ̀; ó di ohun tí ẹni tó ń kọ́lé ń gbọ́ tí àyà rẹ̀ ń já. Ajagungbalẹ̀ ló sọ ojú abẹ níkòó: a-ja-ogun-gba-ilẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ ajagungbalẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2016. Ọmọ ìta, ìpáǹle, área bọ́ì, ibì kan náà ni wọ́n ń lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ló sún mọ́ ohun tí Polybius ń sọ jù lọ nínú ìtàn wa, òun ni wẹ́tìẹ̀. "Wẹ́ẹ̀tì" tí a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń jẹ́ pé kí a da nǹkan olómi síni lára, la so mọ́ "ẹ̀" tiwa, ìyẹn òun. Epo bẹntiróò ni nǹkan olómi náà. Ìṣáná ló tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965, tí ọ̀pọ̀ ará ìlú gbà pé wọ́n yí èsì rẹ̀, wọ́n ń wẹ́tì ilé, wọ́n ń wẹ́tì ọkọ̀, wọ́n ń wẹ́tì èèyàn. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ Ìbàdàn nìkan ni, kó rántí pé Múṣin kò tíì sí lára Èkó nígbà náà. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ló wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, ó sì wà lára ibi tí iná náà ti jó jù. Ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà, NNDP ti Akíntọ́lá, ní "Democratic" nínú orúkọ rẹ̀. Ará ìlú gé e kúrú sí Dẹ́mọ̀, dēmos Gíríìkì yẹn gan-an. Àwọn kan fi tọ́ọ̀gì ṣọ́ àpótí ìbò, àwọn kan fi bẹntiróò dá wọn lóhùn, ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan sì kú láàárín wọn. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun gbàjọba. Ìjọba ọwọ́ ti bí olúwa kan ṣoṣo, bí Polybius ṣe to ó gẹ́lẹ́.

Kí la wá lè pe ochlocrat? Àbá tiwa ni afèròjọba. Bí a ṣe hun ún nìyí: a, fi, èrò, jọba. Irú ìhun yìí kò ṣàjèjì, òun la fi hun afẹ̀míṣòfò. Ohun tó mú wa yàn án ni pé "fi … jọba" ní ìtumọ̀ tó ṣe rẹ́gí ní Yorùbá. Bí a bá ní wọ́n fi ọmọ Dòsùnmú jọba, a ní wọ́n gbé e gorí ìtẹ́. Nítorí náà, afèròjọba lẹni tó gbé èrò gorí ìtẹ́. Kì í ṣe èrò fúnra rẹ̀. Ìyẹn sì tún yanjú ìṣòro kan tó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì: "-crat" nínú "autocrat" ni ẹni tó ń ṣàkóso, "-crat" nínú "democrat" ni ẹni tó fara mọ́ irú ìjọba kan, àwọn òǹkàwé a sì máa ṣi méjèèjì mú. Fífi ẹlòmíì jọba kò lè ṣì wá lọ́wọ́.

Àléébù kan wà níbẹ̀ o. Èrò tó jẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn àti èrò tó jẹ́ ohun tí a rò lọ́kàn, àmì ohùn kan náà ló wà lórí méjèèjì. Ẹni tó bá rí afèròjọba lórí ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé ọlọgbọ́n tó fi làákàyè ṣèjọba ni. Nítorí náà, ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá lò ó, ẹ kọ́kọ́ kọ "ìjọba ọ̀pọ̀ èrò" sínú gbólóhùn tó ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn kò ní ru ẹnikẹ́ni lójú. "Ìjọba jàǹdùkú" tí àwọn kan ń lò kò dára tó, torí ó gbé ẹ̀bi lé ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ títì nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má fi "ìjọba mẹ̀kúnnù" túmọ̀ rẹ̀ láéláé. Mẹ̀kúnnù kì í ṣe okhlos. Ìwọ̀nba owó tó wà lápò èèyàn kọ́ ló ń sọ ọ́ di èrò. Akówójọ tó háyà bọ́ọ̀sì ogún láti lọ dí ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ mọ́ adájọ́, afèròjọba pọ́ńbélé ni.

Ìdí kan náà ni kò fi yẹ ká máa fi ọ̀rọ̀ yìí bú gbogbo ẹni tó bá wọ́de. Ní ọdún 1940, nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ máa gba owó-orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún bá ju £50 lọ, àwọn obìnrin ọjà ti ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n tú jáde lẹ́yìn Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà. Wọ́n pọ̀, ariwo wọn kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n ní olórí tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, wọ́n sì ní ẹni tí ìjọba lè bá jókòó sọ̀rọ̀. Ìjọba gbé £50 yẹn sókè dé £200. Ìlú ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe èrò.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, Èkó rí méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn sí SARS jókòó, wọ́n kọ ohun márùn-ún tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbá ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti péjọ. Àwọn jàǹdùkú tó gbé igi àti àdá kọ lù wọ́n ní Aláúsá kì í ṣe ara wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 21, lẹ́yìn ìbọn tó dún ní Lẹ́kkí lálẹ́ ọjọ́ 20, èrò mìíràn ti gba ìgboro: wọ́n ya wọ ààfin Ọba Èkó, wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ lọ, wọ́n dáná sun ọkọ̀ BRT ní Òyìngbò, wọ́n sì sun ilé ẹjọ́ gíga Ìgbóṣẹ̀rẹ̀ tòun ti fáìlì inú rẹ̀. Ẹni tí ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wà nínú àwọn fáìlì yẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kó gbogbo oṣù yẹn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo kò lóye okhlos, kò sì lóye dēmos.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń kan wa lójoojúmọ́ ni ọjà. Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹnìkan á ké "Olè!" Àwọn tó wà níwájú á di ẹnìkan mú. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí nǹkan kan, wọ́n á gbà pé àwọn iwájú ló rí. Àwọn iwájú á rí bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i, wọ́n á gbà pé kò lè jẹ́ irọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀, gbogbo wọn ló dá lójú. Ẹnìkan á yí táyà àlòkù wá láti ìdí fọganáísà, ẹlòmíì á gbé kẹ́ẹ̀gì dé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó kọ́kọ́ ké "Olè!" ti lọ, nígbà mìíràn olè gan-an ló ké e kó lè ráyè sá.

Ìbéèrè kan wà tó lè dá èrò dúró níbẹ̀, ẹ béèrè rẹ̀ kí táyà tó dé: "Ta lẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀?" Ẹ bi í sókè, ẹ tún un bi. Bí ẹni náà bá jáde, èrò ti di ẹjọ́ nìyẹn, torí olùfisùn ti wà, olùjẹ́jọ́ ti wà, ẹ̀rí ló kù. Bí kò bá sẹ́ni tó jáde, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn tó wà létí. Ẹ má bá èrò jiyàn bóyá ọmọ náà jalè tàbí kò jalè, wọ́n á ní ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n mú un wọ inú ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì ìyálọ́jà, kí ilẹ̀kùn wà láàárín òun àti ìta, kí ẹ sì pe 767 tàbí 112 tó wà fún pàjáwìrì l'Ékòó. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó ń wòran mọ ohun tí òfin ìwà ọ̀daràn ti Gúúsù Nàìjíríà wí: ẹni mẹ́ta péré ti tó láti di àpéjọ tí kò bófin mu bí wọ́n bá péjọ pẹ̀lú ète kan náà lọ́nà tó ń dẹ́rù ba ará àdúgbò, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló wà níbẹ̀, bó bá di rògbòdìyàn, ọdún mẹ́ta. Bí èèyàn bá kú, ẹni tó yí táyà wá àti ẹni tó ṣáná sí i, ọ̀kan náà ni wọ́n níwájú òfin.

Ní ti pípe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "ch" inú rẹ̀, K ni: ọ́k-lọ-kràátì, bí a ṣe ń pe "ch" inú "Christ". Kì í ṣe "oligarch". Ìyẹn ni ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tó di ìlú mú. Bí lọ́yà orí rédíò yẹn bá tún sọ ọ́, ẹ lè túmọ̀ gbólóhùn rẹ̀ fún ẹni tí ẹ jọ ń gbọ́ báyìí: "Ọ̀pọ̀ olóṣèlú wa kì í ṣe ẹni tó fara mọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa, ìjọba ọ̀pọ̀ èrò ni wọ́n ń fẹ́, afèròjọba ni wọ́n." Bí ó bá sì bi yín pé àwọn jàǹdùkú ńkọ́, ẹ ní àwọn yẹn ni wọ́n rán níṣẹ́.